Ìpẹ́tẹ̀lé: Ìtàn Iyọ̀ Tí Kì Í Tètè Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtàn òní dá lórí ohun kan tí wọ́n fi irin sọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ irin kọ́ ni ìdí ìwà rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní ìlú La Rochelle ní ilẹ̀ Faransé, apòògùn kan láti ìdílé Seignette ṣe irú iyọ̀ kan tí àwọn ènìyàn ń lò láti fi fọ inú. Oògùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí fún ìgbà pípẹ́. Ní 1880, Jacques Curie àti Pierre àbúrò rẹ̀ fi hàn pé bí a bá tẹ kírísítálì iyọ̀ yìí àti àwọn mìíràn bíi quartz, iná mànàmáná yóò yọ lójú wọn.

Ní 1920, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Joseph Valasek, gbé iyọ̀ náà sínú pápá iná mànàmáná. Ó ń fi agbára kún pápá náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wọn iná tí ó ń kó jọ. Nígbà tí ó dín pápá náà kù di òdo, iná tó kó jọ kò di òdo, díẹ̀ ṣẹ́kù. Àfi ìgbà tí ó yí pápá náà sí òdìkejì ni èyí tó ṣẹ́kù tó tán. Nígbà tí ó yà á sórí ìwé, ìlà àlọ àti ìlà àbọ̀ kò gba ojú kan náà. Wọ́n ṣe òrùka. Irú òrùka yìí gan-an ni irin ń ṣe nínú pápá òòfà.

Kí ló fà á? Inú kírísítálì náà pín sí ẹkùn-ẹkùn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìhà tí iná inú rẹ̀ kọjú sí. Pápá tó lágbára ń mú kí wọ́n jọ kọjú sí ìhà kan. Bí pápá bá kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í padà. Ní ti iyọ̀ yìí, láàárín ìwọ̀n ooru -18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius nìkan ni ìwà náà ń hàn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ orúkọ. James Ewing, ọmọ Scotland tó ń kọ́ni ní Tokyo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, ló ti sọ ìwà yìí lára irin ní “hysteresis”, láti inú èdè Gíríìkì, ìyẹn ni pé kí nǹkan pẹ́ lẹ́yìn. Ní 1912, Erwin Schrödinger lo “ferroelektrisch”, ó fi irin ṣe àfiwé. Àwọn ará Rọ́ṣíà kò tẹ̀ lé e. Orúkọ Seignette ni wọ́n fi ń pe irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Bí olúkúlùkù bá ti ń wo ilé rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ, kí ni àwa yóò pè é? “Ìfàsẹ́yìn” kò bá a mu, nítorí àìlọsíwájú ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú rẹ̀. Mo dábàá “ìpẹ́tẹ̀lé”: kírísítálì ń tẹ̀ lé pápá, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Àwọn kan ń sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ lásán tó túmọ̀ sí pípẹ́ ni ti Gíríìkì náà kí Ewing tó fún un níṣẹ́.

Ìpẹ́tẹ̀lé yìí náà ni àwọn ẹ̀rọ ìrántí kan nínú kọ̀ǹpútà ń lò: bí iná tilẹ̀ lọ, ohun tí a kọ sínú wọn kò parẹ́. Ẹ bá mi yẹ orúkọ náà wò.