Jùjú Kò Ti Inú Gbọ̀ngàn Ńlá Wá

Púpọ̀ nínú wa ló rò pé òde ìnáwó ńlá ni orin jùjú ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú. Rárá o. Ibi tí kò jọ nǹkan kan lójú ló ti jáde.

Láyé òyìnbó, ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan wà ní Olówógbowó l'Ékòó tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kóra jọ sí. Wọ́n á mutí, wọ́n á kọrin, ohun tọ́wọ́ wọn bá tó ni wọ́n á fi ṣe ìlù. Túndé King, ọmọ Sàró tí wọ́n bí lọ́dún 1910, ló ń ta gìtá fún wọn. Ìtàn kan sọ pé onílù wọn máa ń ju ìlù kékeré tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókè, á sì hán an, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ náà, jùjú. Nígbà tó di 1936, Túndé King ti ń ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone. Ọdún 1948 ni gángan tó wọ inú ẹ̀.

Àwa tá a wà lẹ́yìn odi náà nípìn-ín ńbẹ̀. I.K. Dáíró, Ìjẹ̀bú-Jèṣà ni ìdílé ẹ̀ ti wá, àmọ́ Ọ̀ffà ni wọ́n bí i sí. Ó fárí, ó ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, ó kiri aṣọ, kó tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Ní 1963, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un l'óyè MBE. Ẹ ò rí i pé oníṣòwò bíi tiwa ni!

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí rèé. Lẹ́yìn ọjà wa níbí, l'Òkè Ọya, ilé ọtí onípáànù kan wà. Òjò ló lé mi wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bá àwọn àgbàlagbà mẹ́ta pẹ̀lú gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gángan. Kò pẹ́, gángan bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo gbọ́ oríkì mi kẹ́yìn. Àmọ́ ìyá tó ni ibẹ̀ sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá tó ń pariwo, torí owó tó ń wọlé lálẹ́ kò tó fi bọ́ onílù mẹ́ta.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, níbo ni wọ́n tún ti fẹ́ gbọ́ gángan lójúkojú? Ẹ̀rọ kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mutí lè mu mínírà, kó fún onílù ní nǹkan, kó máa lọ ilé ẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Kano, Jos, Kàdúná àti ibòmíì, ibo ni wọ́n ṣì ti ń lù ú ní tiyín? Ẹ jẹ́ ká mọ̀, ká lè máa dé ibẹ̀. Ajé á wọlé o.