Eyín Dídùn àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nílẹ̀ Ìlọrin

Eyínfúnjowó ni ìyàwó ilé ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀, nítorí pé lójú àwọn baba wa, eyín tó mọ́ funfun ju owó ẹyọ lọ. Abájọ tí àgbẹ̀ Malete, nílẹ̀ Moro, kì í fi í dé oko kó tó run orin. Orin ata, tí í ta ẹnu títí ẹnu yóò fi kú, ni ọ̀gá wọn. Nígbà tí Ìsìláàmù sì fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin láyé Ṣéù Àlímì, orin rírun di sùnnà, ìyẹn ìṣe Ànábì, pẹ̀lú. Bí eyín bá wá ń dunni, èèpo gbòǹgbò igi orin ata yìí kan náà ni wọn a sè, tí wọn a fi yọ ẹnu, wọn a sì ki kànáfùrù bọ ihò eyín. Kì í ṣe ìtàn lásán: ní 1971, àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi orin wa ń bá kòkòrò àrùn jà.

Kòkòrò ni àwọn baba wa ní ó ń jẹ eyín, àwọn ará Bábílónì ìgbàanì sì gbà bẹ́ẹ̀. Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, wá a tì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1728. Ṣùgbọ́n ní 1890, W. D. Miller fi hàn ní ìlú Berlin pé kòkòrò tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó ń sọ oúnjẹ dídùn di omi kíkan tí í jẹ eyín. Àwọn baba wa kò kúkú jìnnà sí òótọ́.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Bí ihò bá kan ẹran inú eyín, ẹran náà a kú, a jẹrà, ọyún a sì gbára jọ sídìí eyín. Nígbà mìíràn ìrora a lọ fúnra rẹ̀, aláìsàn a ní àgbo ti jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọyún ń tẹ̀ síwájú nísàlẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Pẹnisilíìnì tí Fleming rí ní 1928 pàápàá kò lè dá wò ó sàn, àfi kí wọ́n yọ eyín náà, tàbí kí wọ́n gbá inú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n sì dí i.

Láti 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti wà ní Malete, ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, oògùn ìrora tí í bo irú ìrora yìí mọ́lẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, tí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tí itọ́ gbígbé mì di ìṣòro, ọ̀fun lè dí mọ́ni kí ilẹ̀ tó mọ́; Oke-Ose, níbi tí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin wà, ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lóru ọjọ́ náà.