Ṣòkòtò Àgbàwọ̀: Fíìmù "Black and White" àti Àwọn Ọmọ Òyìnbó Tó Fẹ́ràn Hip-Hop

Lónìí, fíìmù kan ló máa mú wa wọ inú ìtàn. "Black and White" lorúkọ rẹ̀, James Toback ló darí rẹ̀ ní 1999.

Ìlú New York nìtàn náà ti wáyé. Àwọn ọmọ òyìnbó kan wà ní Manhattan, ọmọ olówó, ajẹbọ́tà pọ́ńbélé. Ilé ìwé gidi ni wọ́n ń lọ, ilé wọn dára. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń kọ ráàpù ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń múra, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹ̀yìn Rich Bower ni wọ́n ń tọ̀, ọ̀gá ọmọ ìta kan tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀daràn sílẹ̀ kó bọ́ sídìí orin. Oliver "Power" Grant ló ṣe Rich. Ọ̀kan lára àwọn èèyàn Wu-Tang Clan ni, òun ló sì dá Wu Wear sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń ta irú aṣọ tí àwọn ọmọ náà ń wọ̀. Raekwon, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Brooke Shields wá ṣe obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn káàkiri, tó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe báyìí.

Ọ̀kan nínú wọn fèsì. Charlie lorúkọ rẹ̀, Bijou Phillips ló ṣe é. Ó ní ọmọdé lòun, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọdé máa ń ṣe, tóun bá dàgbà, ó máa kúrò lára òun.

Mo dá fíìmù náà dúró níbẹ̀, mo sì dá a padà, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Kí lohun tó lè kúrò lára Charlie, tí kò lè kúrò lára àwọn tó ń fara wé?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1973, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe pátì ní ilé 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx. Owó tó máa fi ra aṣọ tuntun nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ló ń wá. Sẹ́ńtì 25 làwọn obìnrin san, àwọn ọkùnrin san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, tí wọ́n bí ní Jamaica, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló fi orin dá wọn lára yá. Pátì yẹn ni wọ́n máa ń pè ní ọjọ́ ìbí hip-hop. Nígbà yẹn, òpópónà ńlá tí ìjọba là gba àárín Bronx kọjá ti tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká, iná sì ń jó ilé lórí ilé ládùúgbò náà. Inú ìnira yẹn làwọn ọmọ wọ̀nyí ti dá ohun tó ń dùn mọ́ni sílẹ̀. Owó aṣọ ni Cindy ń wá o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Báwo lorin Bronx ṣe dé yàrá àwọn ọmọ olówó? Ní 1986, àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta, Beastie Boys, gbé àwo orin kan jáde. Òun ni àwo ráàpù àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard. Ní 1988, MTV bẹ̀rẹ̀ ètò "Yo! MTV Raps", tẹlifíṣọ̀n sì gbé àdúgbò náà wọ pálọ̀ àwọn tí kò débẹ̀ rí. Nígbà tó di 1991, Billboard yí bó ṣe ń ka ọjà padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù pé àwo wo ló ń tà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwo tí wọ́n tà gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwo N.W.A, ẹgbẹ́ ráàpù líle láti Compton, gun orí àtẹ. Àwọn oníṣòwò wá rí i kedere: kì í ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń rà á.

Èmi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni o. Rick Rubin, ọmọ òyìnbó, ló bẹ̀rẹ̀ Def Jam nínú yàrá rẹ̀ ní yunifásítì. Iṣẹ́ ló kọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ti di ọmọ iṣẹ́. Ti Charlie yàtọ̀: ṣòkòtò ló yá.

Ìyẹn ló mú mi rántí Amadou Diallo. Ọmọ Guinea ni, ọmọ ọdún 23, ó ń ta ọjà lójú pópó ní Manhattan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ yúnífọ́ọ̀mù bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ní Bronx kan náà tí hip-hop ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yìnbọn nígbà 41. Ọta 19 bà á. Kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ ló mú dání. Ní oṣù Kejì 2000, ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, fíìmù Charlie wọ sinimá.

Mo mọ ohun tí yíyá jẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 14 ní Mushin, mo ra ṣòkòtò kan tó gba èmi àti ẹlòmíì. Ìyá mi àgbà wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló kú tó fi ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohunkóhun nípa Bronx. Fídíò ni mo wò.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Charlie lè bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà bọ́ tèmi, mo sì dàgbà. Amadou, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bíi tèmi, ò yá ṣòkòtò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wò ó lókùnkùn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù náà báyìí, ẹ wò ó. Tí Charlie bá dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ rántí orúkọ kan. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.