Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Ọgbà

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í já ọgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Imú ló fi ń tú ẹsẹ̀ ọgbà, á tì í, á tún un tì, títí àlàfo á fi gba orí rẹ̀. Bí orí bá sì ti wọlé, ara bá a lọ nìyẹn. Ohun tó wà nínú òwe yìí ju ọ̀rọ̀ sùúrù lọ. Ní gbogbo àsìkò tí imú ń ṣiṣẹ́, ẹni tó gbin iṣu wà nílé, kò gbọ́ ariwo kankan, ó sì dá a lójú pé iṣu òun pé. Bí àwọn àṣà tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn: wọn kì í pariwo, ẹni tí wọ́n ń ṣe a sì máa fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Ẹ wo oorun. Ní 2003, Hans Van Dongen àti David Dinges pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àgbàlagbà 48 tí ara wọn dá ṣáṣá jọ, wọ́n sì dín oorun àwọn kan kù sí wákàtí 6 lóru, ti àwọn mìíràn sí 4, fún ọjọ́ 14. Ta ni nínú wa tó ń pe oorun wákàtí 6 ní àìsùn? Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ojú inú wọn ń ṣú sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò fojú kan oorun rárá fún òru kan tàbí méjì. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé, nígbà tí wọ́n bi wọ́n bí oorun ṣe ń kùn wọ́n tó, ìdáhùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n rò pé ó ti mọ́ àwọn lára.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń ra dátà òru torí pé owó rẹ̀ kéré, wọ́n á sì tẹjú mọ́ fóònù títí di ìdájí. Bí ìdánwò bá dé, obì àti báàfù omi tútù ni wọ́n fi ń lé oorun. Èmi náà ti ki ẹsẹ̀ bọ omi bẹ́ẹ̀ rí nítorí WAEC. Kafiínì tó wà nínú kọfí wà nínú obì, kì í sì í fún ọpọlọ lókun. Ńṣe ló ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ẹni tó jẹ ẹ́ dà bí ẹni tó di ajá rẹ̀ lẹ́nu lóru tí ẹlẹ́dẹ̀ ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 1924 ni àwọn olùwádìí méjì, Jenkins àti Dallenbach, ti fi hàn ní Yunifásítì Cornell pé ẹni tó kọ́ nǹkan tó sì sùn lé e lórí máa ń rántí rẹ̀ ju ẹni tó lajú sílẹ̀ lọ.

Àṣà kejì tilẹ̀ fara jọ ìwà rere: kí a ka ìwé kan náà ní àkàtúnkà. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, yẹ èyí wò ní 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tún àyọkà kà. Àwọn mìíràn pa á dé, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ti fi wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tún un kà ló dá lójú jù pé àwọn máa rántí.

Àwọn babaláwo ti mọ èyí tipẹ́. Odù 256 ni ọmọ awo ń kọ́ láìsí ìwé tó lè ṣí wò. Iwájú ọ̀gá rẹ̀ ló ti ń ki Ifá tó kọ́ padà, ibi tó bá sì ti ṣì í ni ọ̀gá á ti dá a dúró. Kò ráyè tan ara rẹ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣe bí ọ̀gá yẹn. Kó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ lálẹ́, kó pa á dé, kó ní, "Ó yá, sọ ohun tí wọ́n kọ́ yín lónìí fún mi." Bí ọmọ bá ń kálòlò, kó dá ìwé padà fún un kó yẹ ibẹ̀ wò, kó pa iná, kó sì tún bi í nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.