Ìnáwó Katakata Nínú Oko Ìrèké: Ìṣirò Tó Yẹ Kí Àwọn Àgbẹ̀ Gúúsù Èkìtì Mọ̀

Lójú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, owó epo dísù àti owó ọwọ́ dírẹ́bà nìkan ni katakata ń ná ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ti yọ méjèèjì kúrò nínú owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá túlẹ̀, wọn a ní èrè ni ìyókù. Èrò yìí ni ó ń sọ ẹ̀rọ olówó ńlá di irin ìpẹta lábẹ́ igi. Owó táyà, owó páàtì, èlé owó tí a yá, àti owó tí a ó fi ra òmíràn nígbà tí èyí bá gbó, gbogbo wọn wà níbẹ̀ bí a kò tilẹ̀ rí wọn. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Èmùré gan-an. Ìrèké tí wọ́n mọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá ni èyí tí à ń jẹ lẹ́nu, tí wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀. Kò dà bí àwọn oko ńlá ti Bacita ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní ọdún 1964, tàbí ti Sunti ní Ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ìpele kejì ètò ìjọba àpapọ̀ lórí ṣúgà, èyí tí wọ́n là kalẹ̀ fún ọdún 2023 sí 2033, ń fẹ́ kí a máa ṣe ṣúgà wa fúnra wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ṣí ètò katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti orílẹ̀-èdè Belarus. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, tàbí tó fẹ́ háyà rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wákàtí iṣẹ́ kan ń jẹ.

Ìnáwó tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà

Ọ̀nà méjì ni ìnáwó katakata pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ń jẹ bó ṣiṣẹ́ o, bí kò ṣiṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé, kí olúkúlùkù fi iye ọjà ti àsìkò rẹ̀ rọ́pò tiwa. Ká ní a ra katakata kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 75 ní mílíọ̀nù 40 náírà, tí a fẹ́ lò ó fún ọdún 10, tí a sì lérò láti tà á ní mílíọ̀nù 8 lẹ́yìn náà. Mílíọ̀nù 32 ni yóò gbó dànù. Bí a bá pín in sí ọdún 10, ó di 3,200,000 náírà lọ́dún.

Èlé ló kàn. Àròpọ̀ iye tí a rà á àti iye tí a ó tà á jẹ́ mílíọ̀nù 48, ìdajì rẹ̀ sì ni mílíọ̀nù 24. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 4,800,000 lọ́dún. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á kò bọ́ nínú èyí, nítorí owó náà ì bá máa pa èlé níbòmíràn. Bí a bá fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a rà á kún un fún ìbòrí àti ìdáàbòbò, ìyẹn 800,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,800,000 náírà lọ́dún. Bí katakata náà bá ṣiṣẹ́ wákàtí 800 lọ́dún, 11,000 náírà ló kan wákàtí kan. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 400 péré, ó di 22,000.

Ìnáwó ẹnu iṣẹ́

Èkejì ni èyí tí iṣẹ́ ń fà. Bí irú katakata yìí bá ń jó lítà epo 12 ní wákàtí kan, tí lítà kan sì jẹ́ 1,200 náírà, epo gba 14,400. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa ṣírò ọ́ìlì àti gírísì sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo, èyí tí í ṣe 2,160. Ká fi 4,000 sí àtúnṣe àti táyà, ká sì fi 1,500 sí owó dírẹ́bà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22,060 náírà fún wákàtí kan.

Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí katakata ń fà náà ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí abẹ rẹ̀ ń jẹ lára òkúta. Bí a bá ka ìgbógbó, èlé àti àtúnṣe rẹ̀ sí 3,200 náírà fún wákàtí kan, àpapọ̀ ìnáwó ẹnu iṣẹ́ di 25,260.

Èrè ojú àti èrè òótọ́

Iye ilẹ̀ tí ẹ̀rọ lè tú ní wákàtí kan ni ó ń sọ owó wákàtí di owó ilẹ̀. A ó fi ìbú ibi tí ẹ̀rọ ń tú ní mítà sọ ìyára rẹ̀ ní kìlómítà di ìlọ́po, a ó pín in sí 10, a ó sì yọ àkókò tí a fi ń yípo kúrò. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tó ń rin kìlómítà 6 ní wákàtí, yóò tú nǹkan bí ìdajì hẹ́kítà, nítorí náà hẹ́kítà kan gba wákàtí méjì.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ń gba 80,000 náírà lórí hẹ́kítà kan, tí wọ́n sì tú hẹ́kítà 200 lọ́dún. Mílíọ̀nù 16 ló wọlé. Bí wọ́n bá yọ epo àti dírẹ́bà nìkan, wọn yóò rò pé àwọn jèrè 9,640,000. Ṣùgbọ́n wákàtí 400 yẹn ná wọn ní 18,904,000 ní tòótọ́. Wọ́n ti pàdánù 2,904,000 láìmọ̀. Ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 300 kí owó tó wọlé àti èyí tó jáde tó dọ́gba. Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, háyà ló sàn fún un ju rírà lọ.

Ohun tí ilẹ̀ àti ìrèké ń fi kún un

Ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, ìlú òkè Olósùnta, kún fún àpáta. Oko kéékèèké tí kò sí lójú kan ń jẹ́ kí katakata máa yípo ju bó ṣe ń túlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni epo tí a jó láti Èmùré dé Ìsẹ̀ kò tú ebè kan. Àkùrọ̀ tó rin gbingbin ń mú kí táyà máa yọ̀, ó sì ń ki ilẹ̀ pọ̀. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a tú u, kí òjò tó rọ̀ dáadáa.

Ìrèké fúnra rẹ̀ ń hù padà láti ìdí lẹ́yìn tí a bá gé e, nítorí náà a lè pín owó ìtúlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sórí ìkórè mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èrè ni èyí fún olóko, ṣùgbọ́n ó ń dín wákàtí iṣẹ́ katakata kù. Ẹ̀rọ tí a rà fún ìrèké nìkan kò ní rí wákàtí 600 ṣe lórí oko kékeré. Ó gbọ́dọ̀ túlẹ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ìrẹsì pẹ̀lú. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí àwọn olóko tó múlé ti ara wọn bá fi ẹnu kò sí ọjọ́ kan, ìrìn àsán yóò dínkù.

Ìwé kékeré kan tó lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí dírẹ́bà máa kọ wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́, lítà epo tó bù, ilẹ̀ tó tú àti páàtì tí wọ́n pààrọ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹgbẹ́ náà sì ya owó ìgbógbó ẹ̀rọ sọ́tọ̀ sí ilé ìfowópamọ́ kí wọ́n tó pín èrè. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí owó ra katakata kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ṣíwọ́ iṣẹ́.