Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù

Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹni tó bá ti gbójú sókè ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mọ ohun tó bí òwe yìí. Oṣù á yọ tín-ín-rín ní ìwọ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tàn yanran á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oṣù ti ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń wọ̀. Ta ni yóò rí i tí kò ní sọ pé olówó àti ajá rẹ̀ ni? Àwọn àgbà máa ń pa òwe náà nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ọ̀rẹ́ di ìránṣẹ́, pé ẹni tó bá èèyàn rìn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹrú rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, ìdajì òwe náà ni a lò, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run gan-an wà nínú rẹ̀: ohun méjì lè fara kanra lójú wa, kí ọ̀nà àárín wọn sì jìn kọjá ohun tí ojú lè mọ̀.

Ẹ wo Àgùàlà fúnra rẹ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ilé ayé wa yìí. Oṣù jìn sí wa tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà. Àgùàlà, nígbà tó bá súnmọ́ wa jù lọ pàápàá, fi nǹkan bí mílíọ̀nù 40 kìlómítà jìn sí wa. Ìbú oṣù jẹ́ 3,474 kìlómítà. Ti Àgùàlà lé ní 12,100. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ajá tóbi ju olówó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a mú dání wọ ilé sinimá. Ní ọdún 2023 ni fíìmù kan tí wọ́n pè ní Deep Sky jáde fún ojú sinimá IMAX, èyí tó ga bí ilé alájà mélòó kan. Nathaniel Kahn ló darí rẹ̀, òṣèré Michelle Williams ló ń sọ ìtàn inú rẹ̀, kò sì gùn ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Ìtàn awò-awọ̀nà-jíjìn tó ń jẹ́ James Webb ni: bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe rán an lọ sí òfuurufú, àti àwọn àwòrán tó fi ránṣẹ́ padà.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni Webb, láàárín NASA ti Amẹ́ríkà àti àwọn àjọ òfuurufú ti Yúróòpù àti Kánádà, ó sì ná wọn tó bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbé e kúrò ní Kourou, ní French Guiana. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ìdá 18 ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nítorí pé dígí náà àti agbòjì rẹ̀ tóbi ju orí rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, kíká ni wọ́n ká wọn, òfuurufú ni wọ́n ti tú wọn. Àwọn tó kọ́ ọ ka ohun 344 tó jẹ́ pé bí ọ̀kan péré nínú wọn bá kọṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ náà lè dòfo. Awò Hubble tó ṣáájú rẹ̀ kò jìnnà, àwọn èèyàn sì gòkè lọ tún un ṣe nígbà márùn-ún láàárín 1993 àti 2009. Webb wà ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa. Kò sí ẹni tó lè lọ bá a níbẹ̀. Agbòjì onípele márùn-ún ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, ẹ̀yìn ló sì gbọ́dọ̀ kọ sí oòrùn nígbà gbogbo. Ayé, oṣù àti Àgùàlà ṣì wà ní apá oòrùn yẹn, nítorí náà awò tó ń rí ìpẹ̀kun ojú ọ̀run kò lè wo Àgùàlà láéláé.

Ìmọ́lẹ̀ tí Webb ń gbà, ojú èèyàn kò lè rí i. Infrared ni wọ́n ń pè é, ara wa a sì máa mọ̀ ọ́n bí ooru. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ń la eruku òfuurufú kọjá níbi tí ìmọ́lẹ̀ lásán ti ń há. Bí àwòrán bá dé ilẹ̀, dúdú àti funfun ni. Àwọn òṣìṣẹ́ Space Telescope Science Institute ní Baltimore ló ń fi àwọ̀ sí i: ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn jù gba pupa, èyí tí ìgbì rẹ̀ kúrú jù gba búlúù. Àwọn kan torí èyí sọ pé ayédèrú ni àwòrán náà. N kò gbà. Ètò tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni wọ́n pa mọ́, wọ́n kàn gbé e wá sí ibi tí ojú wa ti lè bá a pàdé ni. Ibi tí ẹ̀tàn lè gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe jìnnà síra.

Ní oṣù keje ọdún 2022 ni àwọn àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni agbo gálásì márùn-ún tí Édouard Stephan, ará Faransé, rí láti Marseille ní ọdún 1877. Gálásì ni ìlú ńlá àwọn ìràwọ̀, bílíọ̀nù àìmọye nínú ọ̀kan. Márààrún fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá, débi pé fíìmù It's a Wonderful Life ti ọdún 1946 fi wọ́n ṣe áńgẹ́lì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló jọ wà. Àwọn mẹ́rin yìí fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 290 ọdún ìmọ́lẹ̀ jìn sí wa. Ìkarùn-ún, NGC 7320, èyí tó wà lápá òsì àwòrán, kò ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sì ni ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún odindi ọdún, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 9.46 kìlómítà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Bí ohun kan bá ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa nà sí apá pupa; gálásì tó bá sì jìn jù ló ń yára sá jù. Ní ọdún 1961, onímọ̀ ìràwọ̀ Margaret Burbidge àti ọkọ rẹ̀ Geoffrey wọn ìnà yìí. Wọ́n rí i pé NGC 7320 ń fi nǹkan bí 800 kìlómítà sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí àwọn tó kù ń sá ní àyíká 6,000. Halton Arp, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kò gbà. Ó takú pé alábàárìn ni wọ́n lóòótọ́. Àríyànjiyàn àgbà ni, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀, nítorí ohun tí ojú rí lágbára lọ́kàn ọ̀mọ̀wé bó ti lágbára lọ́kàn ẹni tó jókòó sí ìloro. Nínú àwòrán Webb, a ń rí àwọn ìràwọ̀ inú NGC 7320 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí pé ìtòsí ló wà. Àwọn mẹ́rin tó kù sì ní àmì alábàárìn tòótọ́ lára: wọ́n ń fa ara wọn ya. NGC 7318B ń já wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìrù ìràwọ̀ àti gáàsì sì ń nà jáde lára wọn. Ìkarùn-ún kò mọ nǹkan kan nípa ìjà náà.

Àwòrán yìí ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 150. Mílíọ̀nù díẹ̀ ni ojú fóònù lè gbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka ojú sinimá ńlá sí àṣejù. Lórí rẹ̀, ògiri gáàsì àti eruku tó dà bí òkè nínú àwòrán tí Webb yà nípa Carina, ìkùukùu òfuurufú kan, lè bo gbogbo ojú wa, kí a sì gbọ́ pé èyí tó ga jù níbẹ̀ ga tó ọdún ìmọ́lẹ̀ méje. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ojú sinimá tóbi tó, pẹlẹbẹ náà ni. Fíìmù Hubble 3D ti ọdún 2010, tí Toni Myers darí, gbìyànjú láti yanjú èyí. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Baltimore àti àwọn ayàwòrán kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Illinois lo ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ìkùukùu òfuurufú Orion, wọ́n sọ àwòrán pẹlẹbẹ di ibi tí èèyàn lè wọ̀ lọ, tí iwájú àti ẹ̀yìn yàtọ̀ síra. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ni fíìmù ìràwọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ máa ṣe. Èyí tó bá fi ẹwà nìkan tẹ́ wa lọ́rùn, tí kò sọ ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó wà lẹ́yìn, ó ń fi ajá fún oṣù ni.

Sinimá IMAX wà ní Lẹ́kìí, l'Ékòó. Àwọn àwòrán Webb sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, NASA kò gba kọ́bọ̀ lórí wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ẹ bá ń fi wọ́n han àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pariwo pé ó dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín bí èyí ṣe jìnnà tó sí ìyẹn, kí ẹ sì bá wọn wá ìdáhùn náà.