Vertue àti Folkboat: Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré Méjì Lójú Òkun Ńlá

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ onígbòkun kékeré méjì kan rí, tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sójú omi ní ilẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1936 sí ọdún 1942. Vertue ni orúkọ èkínní, Folkboat ni orúkọ èkejì. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó iṣu lọ sí ọjà lè gùn jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fi wọ́n la Òkun Àtìláńtíìkì já, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi wọ́n yí ayé ká. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1950 sí 1960, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa sùn, tí yóò máa dáná nínú rẹ̀, tí yóò sì fi rìn jìnnà fún ìgbádùn ara rẹ̀, kò lè ṣe kí ó má ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí wò. Yíyàn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ẹni tí ó bá ṣì í yàn, òkun ni yóò bá a wí.

Vertue ni ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 1936, ọkùnrin ará erékùṣù Guernsey kan, Dick Kinnersly, ní kí Laurent Giles ya àwòrán ọkọ̀ kékeré kan fún òun. Giles jẹ́ ayàwòrán ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Lymington, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Andrillot ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, àwọn mìíràn sì ní kí a kan irú rẹ̀ fún àwọn náà. Ní ọdún 1939, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Andrillot gba ife-ẹ̀yẹ Vertue, èyí tí ẹgbẹ́ Little Ship Club ti Lọ́ńdọ̀nù fi ń dá atukọ̀ tí ìrìn-àjò rẹ̀ dára lọ́lá. Láti ìgbà náà ni orúkọ ife ti di orúkọ ọkọ̀.

Ìtàn bí Folkboat ti ṣe dé ayé yàtọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná, ilẹ̀ Sweden kò bá ẹnikẹ́ni jà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń ráyè ro ohun tí wọn yóò ṣe nígbà àlàáfíà. Ní ọdún 1941, ẹgbẹ́ àwọn onígbòkun ilẹ̀ Scandinavia kéde ìdíje fún àwọn ayàwòrán ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọkọ̀ tí apá mẹ̀kúnnù yóò ká, tí ènìyàn lè fi díje ní ọjọ́ Sátidé, tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sì lè fi ṣe ìrìn-àjò nígbà ìsinmi. Àwòrán tí wọ́n rí gbà ju 50 lọ, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò rí ẹyọ kan tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn pátápátá. Dípò kí wọ́n fún ẹnì kan ní ipò kìíní, wọ́n ṣa ohun tí ó dára jù nínú àwọn tí ó dára, wọ́n sì gbé e lé Tord Sundén lọ́wọ́ pé kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá jọ bí kì í sábà lẹ́wà, ṣùgbọ́n eléyìí lẹ́wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, èyí àkọ́kọ́ bọ́ sómi ní ìlú Göteborg. Orúkọ tí wọ́n fún un kò ní àṣírí kankan nínú: ọkọ̀ àwọn ènìyàn ni. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí a lè pè ní baba rẹ̀ pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Sundén ni ó fa ìlà rẹ̀.

Bí a bá gbé àwọn ọkọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìbejì ni wọ́n. Gígùn Folkboat jẹ́ mítà 7.64, ti Vertue jẹ́ nǹkan bí mítà 7.7. Fífẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí mítà 2.2. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lé òṣùwọ̀n. Folkboat kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 lọ, ó sì ju ààbọ̀ ìwọ̀n yìí tí ó jẹ́ irin tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dojú dé. Vertue ju tọ́ọ̀nù 4 lọ. Èyí ni pé ọkọ̀ méjì tí gígùn wọn àti fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan wúwo ju ìlọ́po méjì èkejì lọ. Níbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ tí ó wúwo lè ru omi mímu, oúnjẹ àti irin iṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìmira. Pákó rẹ̀ nípọn. Kì í ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ìgbì, nítorí náà kì í tètè dá àárẹ̀ sí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n igi àti òjé tí ó mú un wúwo, owó ni a fi ń rà wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá sì rọlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wọ́. Folkboat ní tirẹ̀ ń léfòó bí igbá, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì tó o láti sáré. Wọ́n to pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gun ara wọn bí páànù òrùlé ti ń gun ara wọn, èyí tí ó mú kí ó lágbára láìwúwo, tí kíkàn rẹ̀ kò sì náni lówó púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé yàrá inú rẹ̀ kúrú: ọkùnrin tí ó ga kò lè nàró níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé, nínú Folkboat bí wọ́n ti kọ́kọ́ ń kàn án, omi tí ó bá dà sí ibi ìjókòó atukọ̀ kò ní ọ̀nà láti padà sínú òkun. Inú ọkọ̀ ni yóò ṣàn lọ, ọwọ́ ni a ó sì fi gbọ́n ọn. Ní etíkun Sweden èyí kò tó nǹkan. Ní àárín òkun ńkọ́?

Ọdún 1950 ni Vertue kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn gbogbo ayé. Humphrey Barton, tí ó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Giles, àti Kevin O'Riordan gbé èyí tí ó jẹ́ ìkẹtàdínlógójì dín méjì nínú irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Vertue XXXV, kúrò ní Falmouth ní oṣù kẹrin, wọ́n sì doríkọ New York. Olùkọ́ tí ó bá ní àwòrán ilẹ̀ ayé lára ògiri kíláàsì lè fi ìka tọ ọ̀nà náà, kí ó sì rántí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tí ó túmọ̀ sí pé ojú afẹ́fẹ́ ni àwọn ọkùnrin méjì náà ń lọ. Ìjì ńlá bá wọn lọ́nà. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, omi sì ya wọlé. Wọ́n gbọ́n omi náà, wọ́n dí ihò náà, wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́ta wọ́n dé New York.

Ẹni tí ó gba Folkboat lọ́wọ́ àbùkù ni Blondie Hasler, ọ̀gágun nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ kékeré kì í ṣe àjèjì sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 1942, òun ni ó ṣáájú àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n wa ọkọ̀ àjẹ̀ pélébé wọ odò lọ sí Bordeaux láti lọ fọ́ ọkọ̀ àwọn ará Jámánì. Òun àti Bill Sparks nìkan ni wọ́n padà wá sílé láàyè. Lẹ́yìn ogun, ó ń wá ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo lè darí láìjẹ́ pé ó jáde síta nínú ìjì. Ní ọdún 1953, ó ní kí a kan ara Folkboat kan fún òun, ṣùgbọ́n kí pákó rẹ̀ tẹ́jú, kí a sì bo òkè rẹ̀ pátá, kí ó ku ihò róbótó kan láàárín tí orí ènìyàn lè yọ. Ìgbòkun tí òun fúnra rẹ̀ ronú kàn ni ó kọ́kọ́ dán wò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa. Ó wá yí padà sí ìgbòkun irú ti àwọn ará Ṣáínà, èyí tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú inú rẹ̀, lórí òpó kan ṣoṣo tí okùn kankan kò dì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, Hasler a dúró sínú ihò rẹ̀, a fa okùn, ìgbòkun a sì ká jọ bí ẹni ẹní. Ó tún ṣe ẹ̀rọ kan tí afẹ́fẹ́ ń gbá, tí ó sì ń darí ìtọ́kọ̀ nígbà tí atukọ̀ bá sùn. Jester ni ó sọ ọkọ̀ náà, èyí tí í ṣe aláwàdà, nítorí àwọn ènìyàn rí i bí ohun ẹ̀rín.

Hasler yìí kan náà ni ó dá a lábàá pé kí àwọn ènìyàn díje la Àtìláńtíìkì já, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan. Wọ́n ní ó bá Francis Chichester ta tẹ́tẹ́ ṣílè méjì àti sísì lórí rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Observer ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹgbẹ́ Royal Western Yacht Club sì mójú tó bí wọn yóò ti gbéra ní Plymouth. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1960, tí òmìnira Nàìjíríà kò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́, ọkọ̀ mẹ́rin ṣí. Ìkarùn-ún, ti Jean Lacombe ará Faransé, tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ Chichester gùn tó mítà 12. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an: Jester ti Hasler; Eira ti Val Howells, tí ó jẹ́ Folkboat pẹ̀lú; àti Cardinal Vertue ti David Lewis, dókítà ìṣègùn tí ó tún fẹ́ mọ bí ara àti ọkàn ẹni tí ó dá wà lójú òkun ti ń rí.

Láàárín wákàtí mélòó kan, òpó Cardinal Vertue ṣẹ́. Lewis padà sí Plymouth, ó tún un ṣe, ó sì tún ṣí. Wọn kò yọ ọjọ́ tí ó fi ṣe àtúnṣe kúrò nínú ìṣirò. Chichester ni ó kọ́kọ́ dé New York lẹ́yìn ọjọ́ 40. Hasler, tí ó gba ìhà àríwá, lo ọjọ́ 48. Lewis lo ọjọ́ 55. Howells gba ìhà gúúsù, ó yà sí Bermuda, ọjọ́ 62 ni ó lò.

Ó yá àwọn kan lára láti kígbe pé Folkboat ti na Vertue. Ìdájọ́ náà kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá jẹ́ ara ọkọ̀ nìkan ni ó ṣiṣẹ́, kí ni ó fi Eira sẹ́yìn Cardinal Vertue tí òpó rẹ̀ ṣẹ́? Ọ̀nà tí oníkálukú gbà kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà Jester sọ́tọ̀ jù lọ ni pé ọ̀gá rẹ̀ jókòó níbi gbígbẹ, ó jẹun, ó sùn, nígbà tí àwọn yòókù ń rákò lọ síwájú ọkọ̀ nínú òtútù láti yí ìgbòkun padà. Nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: ìgbòkun ilẹ̀ Ṣáínà kì í lè kojú afẹ́fẹ́ tó ìgbòkun tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Hasler mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yàn án síbẹ̀síbẹ̀.

Nípa ẹni tí ó ń fẹ́ lọ jìnnà réré pẹ̀lú ẹrù oṣù mẹ́fà, Vertue ni ó tọ́ sí i, èyí kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Lewis ta Cardinal Vertue fún Bill Nance, ará Ọsirélíà, tí òun nìkan fi yí ayé ká láàárín ọdún 1962 sí 1965. Ní oṣù kìíní ọdún 1965 ó gba Cape Horn kọjá, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń rì nígbà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó ń lọ sí Cape Horn? Folkboat tí wọ́n ti kàn ti ju 4,000 lọ. Iye Vertue kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àpò owó ni ó sábà máa ń parí ìjíròrò náà ní etídò, kí òkun tó dá sí i.

Hasler fi Jester lé Michael Richey lọ́wọ́, ọkọ̀ náà sì kópa nínú ìdíje náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣe é, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, láti 1960 títí di 1988. Ní ọdún 1988 yìí ni ìjì borí rẹ̀ lójú òkun. Ọkọ̀ ńlá kan gbé Richey là, wọ́n sì fi Jester sílẹ̀ fún omi. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ̀ náà kò gbà kí ó parẹ́. Wọ́n kan òmíràn tí ó jọ ọ́, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1992, ìgbòkun bí ti àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì ta sí i, lórí òpó kan ṣoṣo tí okùn kankan kò dì mú. Richey, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tún gbé e jáde sójú òkun.